Ẹsẹ̀ Iwájú Fóò-wíìlì Tó Há: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Títú Ásùlù Iwájú Land Cruiser

Ìbéèrè tí àwọn ọmọ iṣẹ́ àti àwọn tó ni mọ́tò máa ń bi mí jù lórí iṣẹ́ yìí ni mo kó jọ síbí. Ásùlù iwájú kò ṣòro tú tó bí àwọn èèyàn ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Ohun tó ń sọ ọ́ di wàhálà ni pé a máa ń gbé òòlù kí a tó mọ ohun tó di irin náà mú. Mo ti rí sípíńdù (irin tí bíárìn ẹsẹ̀ ń yí lórí rẹ̀) tó tẹ̀, ṣáàfù (ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé ẹsẹ̀) tí orí rẹ̀ fọ́, họ́ọ̀bù (irin tí a ń de táyà mọ́) tó sán, tí kì í ṣe ìpẹtà ló ṣe é. Ọwọ́ ẹni tó tú u ló ṣe é.

Mọ́tò wo gan-an ni ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀?

Àwọn Toyota tí ásùlù iwájú wọn jẹ́ odindi irin kan láti ẹsẹ̀ ọ̀tún dé ẹsẹ̀ òsì ni: Land Cruiser 60, 70 àti 80, àti Hilux fóò-wíìlì àtijọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1979. 70 jáde ní 1984, wọn ò sì tíì ṣíwọ́ ṣíṣe é. 80 tẹ̀ lé e ní 1990. Ẹ ó mọ ásùlù yìí bí ẹ bá wo ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú: irin roboto bí orí èèyàn ló wà níbẹ̀, gíríìsì sì máa ń yí i lára. Nínú orí roboto yẹn ni jọ́ìntì tí a ń pè ní Birfield wà, tó ní bọ́ọ̀lù irin mẹ́fà. Òun ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ lè yí sọ́tùn-ún sósì kí ẹ́ńjìnnì sì tún máa wà á lọ.

Bí tiyín bá jẹ́ Hilux ìgbà tuntun, ìbéèrè kan wà fún un nísàlẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀.

Kí ló dé tí àwọn irin yìí fi ń há tó bẹ́ẹ̀?

Omi ni àkọ́kọ́, iyọ̀ ni ìkejì. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ lára mọ́tò wọ̀nyí. Èyí tó wá láti Belgium, Jámánì tàbí Kánádà ti rìn fún ọdún púpọ̀ lórí títì tí wọ́n ń da iyọ̀ sí nígbà òtútù kí yìnyín má bàa dì. Iyọ̀ náà á wọ gbogbo kọ̀rọ̀ abẹ́ mọ́tò, á sì jókòó síbẹ̀. Tí mọ́tò bá wá dé Èkó, tó ń sùn ní Lẹ́kkí tàbí Badagry létí òkun, iṣẹ́ tí iyọ̀ òkè òkun bẹ̀rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ òkun wa máa ń parí.

Irin tó bá dógùn-ún kì í dúró ní ìwọ̀n rẹ̀. Ìpẹtà máa ń gba àyè ju irin tó ti ara rẹ̀ jáde lọ. Irin méjì tó ń wọ ara wọn wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wà ní tuntun á wá fún pinpin bí ẹ̀wà tó wú sínú ìgò.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo ẹ̀bi ru ìpẹtà. Nǹkan mìíràn wà tí wọ́n dìídì ṣe kó há, èyí ni àwọn wáṣà oníkóńù tí mo máa sọ̀rọ̀ wọn láìpẹ́. Gọ́ọ̀mù tí ẹni tó tú u ṣáájú yín fi rọ́pò gásìkẹ́ẹ̀tì (bébà tó ń wà láàárín irin méjì kó má bàa jò) náà ń di irin mú. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, irin náà kò há rárá: bóòtù kan ló kù tí ẹ ò rí, tàbí sínáàpù-ríǹgì (ríǹgì tó ń há sára ṣáàfù kó má bàa yọ) tí ẹ gbàgbé.

Àmì wo ló máa sọ fún mi pé ó tó tú?

Tí ẹ bá yí sítíà dé òpin tí ẹ sì ń rìn díẹ̀díẹ̀, tó bá ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ láti inú ẹsẹ̀, Birfield ló ń sọ̀rọ̀. Tí gíríìsì tó ń jò lára orí roboto bá ti ṣàn bí ọbẹ̀ tó sì ń rùn bí epo gíà, síìlì inú ásùlù ti lọ. Epo dífù, ìyẹn epo gíà àárín ásùlù, ti wá pò mọ́ gíríìsì Birfield, àpòpọ̀ yẹn kò sì lè dáàbò bo bọ́ọ̀lù irin bó ṣe yẹ. Tí ẹ bá sì gbé ẹsẹ̀ sókè, tí ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, tó sì ń mì, bíárìn ni, yálà ti họ́ọ̀bù tàbí ti nọ́kùlù, irin tó ń yí ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tẹ bíréèkì bí ẹ ṣe ń mì í: tí mímì náà bá dúró, ti họ́ọ̀bù ni, tí kò bá dúró, nọ́kùlù ni kí ẹ wò.

Irinṣẹ́ wo ni mo gbọ́dọ̀ ní kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀pá idẹ. Mo fi í ṣáájú nítorí òun ni àwọn èèyàn kì í ní. Èyí tó gùn tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan tó sì nípọn bí àtàǹpàkò ti tó. Idẹ rọ̀ ju irin lọ: tí ẹ bá fi í lu irin, idẹ ló máa tẹ̀, irin á sì gba ìmìtìtì náà láìfarapa. Ẹ lè rí i rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àjákù irin ní Owódé Onírin, kò sì wọ́n ju ṣáàfù tí ẹ máa bàjẹ́ tí ẹ ò bá ní in.

Lẹ́yìn náà, sókẹ́ẹ̀tì 54 mílímítà fún nọ́ọ̀tì bíárìn, òòlù kan tó wúwo àti kékeré kan, pílíásì sínáàpù-ríǹgì tó dára, bóòtù M8 (tó nípọn ní mílímítà 8) mẹ́ta tó gùn díẹ̀, wáyà tí ẹ máa fi so kálípà (irin tó ń fún dísìkì bíréèkì mú), àti awo méjì: ọ̀kan fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀kan fún òsì. Ẹ má da nǹkan ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Bíárìn tó ti bá ilé rẹ̀ mọ́ra kò fẹ́ kí ẹ gbé e lọ sí ilé ẹlòmíràn.

Ṣé mo lè gbé mọ́tò lé búlọ́ọ̀kù?

Rárá o. Búlọ́ọ̀kù oníyanrìn tí a fi ń kọ́lé kì í kìlọ̀ kó tó fọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń túká, Land Cruiser 80 sì wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ. Jáàkì nìkan kò tó pẹ̀lú, nítorí ẹ máa lu nǹkan lábẹ́ mọ́tò náà, ìlù yẹn sì lè mú jáàkì yọ̀. Ẹ gbé e lé àga irin tó dúró dáadáa lábẹ́ ásùlù, ẹ fi igi dí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn. Tí kò bá sí àga irin, igi ńlá tí a tò ní dábùú-dábùú lé ara wọn sàn ju búlọ́ọ̀kù lọ lọ́nà tó pọ̀.

Ọ̀gá, mo ti tú nọ́ọ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ojú họ́ọ̀bù, fíláǹjì, ìdérí irin tó so ṣáàfù mọ́ họ́ọ̀bù, ò mira. Ṣé kí n fi ṣísẹ́lì wọ àárín rẹ̀?

Ẹ dúró. Ẹ má fi ṣísẹ́lì síbẹ̀. Ibí yìí ni ìdajì àwọn tó ń tú ásùlù yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń ṣìnà, ẹ jẹ́ kí n rọra ṣàlàyé.

Abẹ́ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ni wáṣà kan wà tí ìrísí rẹ̀ dà bí àrọ tí a fi ń rọ epo: ẹnu kan fẹ̀, ìkejì tín-ín-rín, wọ́n sì la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìlà kan. Nígbà tí wọ́n di nọ́ọ̀tì náà, wáṣà yìí wọnú ihò fíláǹjì, ó há láàárín ihò àti sítọ́ọ̀dù (ọ̀pá onítíréèdì tí nọ́ọ̀tì ń wé mọ́) bí èèkàn tí a gbá mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ kó rí. Òun ló ń jẹ́ kí fíláǹjì má lè yí díẹ̀díẹ̀ lórí sítọ́ọ̀dù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fa ẹsẹ̀. Ẹ ti tú nọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n èèkàn mẹ́fà ṣì di fíláǹjì mú. Bí ẹ bá fi ṣísẹ́lì ya ojú rẹ̀ níbẹ̀, irin tó tẹ́jú tó ń pa gíríìsì mọ́ ni ẹ máa dá lápá, omi á sì máa gba ibẹ̀ wọlé títí ayé.

Ẹ dá nọ́ọ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà sórí sítọ́ọ̀dù, ẹ fi ọwọ́ yí wọn títí orí nọ́ọ̀tì yóò fi bá orí sítọ́ọ̀dù dọ́gba. Nọ́ọ̀tì yìí ló máa dáàbò bo tíréèdì. Ẹ wá gbé ọ̀pá idẹ lé orí ọ̀kan, kí ẹ fi òòlù tó wúwo lù ú ní ìlù kan ṣoṣo tó le, tó yára. Ìmìtìtì la ń wá. Ìlù mẹ́wàá tó rọ̀ kò ní ṣe iṣẹ́ ẹyọ kan tó já gaara. Ẹ yí ká, ẹ lu gbogbo wọn, ẹ tún lu ẹ̀gbẹ́ fíláǹjì láàárín sítọ́ọ̀dù kan sí èkejì. Lẹ́ẹ̀kan náà wáṣà á ta jáde bíi gúgúrú, á sì gbá nọ́ọ̀tì nínú. Ìdí kejì tí mo fi ní kí nọ́ọ̀tì wà níbẹ̀ nìyẹn: bí kò bá sí, ojú yín ló lè fò sí.

Mẹ́rin ti jáde, méjì kọ̀.

Ẹ fi epo tó ń wọnú ìpẹtà sí wọn, kí ẹ lọ jẹun. Mi ò fi ṣeré. Epo yìí nílò àkókò kó tó rìn wọ inú ibi tó fún, wákàtí kan sàn ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, òru kan sì sàn jù wákàtí kan lọ. Nígbà tí ẹ bá dé, ẹ fi sukurudíráfà tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ìlà tí wọ́n là sí ẹ̀gbẹ́ wáṣà, kí ẹ yí i díẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè ṣí, ẹ sì tún lù bí ti àkọ́kọ́. Tó bá ṣì kọ̀, ibí yìí ni iná kékeré ti lè wúlò: kí ẹ gbóná ara fíláǹjì yí ihò náà ká, kì í ṣe sítọ́ọ̀dù.

Nígbà tí gbogbo kóńù bá ti bọ́, tí fíláǹjì ṣì lẹ̀ mọ́ gásìkẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ihò méjì tó ní tíréèdì wà níbẹ̀ tí kò sí nǹkan nínú wọn, Toyota ló fi wọ́n síbẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ wé bóòtù M8 méjì wọ̀ ọ́, ẹ yí ọ̀kan díẹ̀, ẹ yí èkejì díẹ̀, fíláǹjì á fi ara rẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìdọ̀tí ti dí ihò wọ̀nyí, tí a ti lo ọdún púpọ̀ lórí iṣẹ́ náà láìmọ̀ pé wọ́n wà.

Sínáàpù-ríǹgì orí ṣáàfù ò ṣeé yọ. Kò sí àyè tí pílíásì lè gbà.

Ṣáàfù ló sá sẹ́yìn. Ihò tó ní tíréèdì wà ní àárín orí ṣáàfù. Ẹ wé bóòtù M8 sí i, ẹ fi í fa ṣáàfù síwájú, ríǹgì á yọjú. Ọwọ́ kan fà, ọwọ́ kejì fi pílíásì yọ ọ́. Lórí àwọn tó ní họ́ọ̀bù tí a ń fọwọ́ yí, ẹ kọ́kọ́ tú ìdérí rẹ̀ kúrò. Àwọn kan nínú wọn ní bóòtù dípò ríǹgì.

Ṣé òótọ́ ni pé a lè fi ṣísẹ́lì tú nọ́ọ̀tì 54?

Gbogbo ìgboro ló ń ṣe é, mo sì ń bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe é. Nọ́ọ̀tì méjì ni wọ́n, wáṣà tí wọ́n tẹ eyín rẹ̀ lé wọn wà láàárín. Ẹni tó ń fi ṣísẹ́lì lu ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì ń gé irin wẹ́wẹ́ sórí bíárìn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Bíárìn tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Ládìpọ̀ tàbí ní Gate n'Íbàdàn á wá lọ láàárín oṣù díẹ̀, ẹ ó sì máa bú ẹni tó tà á fún yín. Ẹ tẹ eyín wáṣà padà, ẹ fi sókẹ́ẹ̀tì 54 tú u. Nọ́ọ̀tì ìta tó bá há gan-an kò ju kí ẹ fi páìpù gùn apá sókẹ́ẹ̀tì lọ.

Họ́ọ̀bù ńkọ́?

Dísìkì àti họ́ọ̀bù jọ ń jáde pọ̀ ni. Ẹ ti tú kálípà, ẹ ti fi wáyà so ó rọ̀ mọ́ sípírìn-ìn, ẹ má jẹ́ kó máa fi ọ́ọ̀sì bíréèkì rọ̀. Ẹ fa họ́ọ̀bù sọ́dọ̀ yín lójijì, bíárìn ìta á fi ara rẹ̀ yọ síwájú. Ó máa ń há tí ìgbóná bíárìn tó jóná bá ti mú kí ìlẹ̀kẹ̀ inú rẹ̀, ìyẹn ríǹgì tó yí sípíńdù ká, lẹ̀ mọ́ sípíńdù. Nígbà yẹn họ́ọ̀bù lè jáde kí ìlẹ̀kẹ̀ náà kù sẹ́yìn. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń gé irin là á díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ má gé e já kan sípíńdù, ẹ wá fi ṣísẹ́lì lu ibi tí ẹ là yẹn lẹ́ẹ̀kan. Irin bíárìn le, ó sì máa ń sán. Ẹ wọ ìgò ojú. Irin líle tó sán máa ń fò bí ọta.

Mo tú bóòtù mẹ́jọ sípíńdù, ó ṣì dúró bí òkúta.

Èyí ló ṣe mí ní ìjàm̀bá jù nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Mo lu orí sípíńdù láti iwájú, níbi tí tíréèdì nọ́ọ̀tì 54 wà. Ó jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n tíréèdì ti tẹ̀, nọ́ọ̀tì ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mọ́tò ẹni náà fi wà nílẹ̀ nítorí sípíńdù kan. Ó dùn mí títí di òní, nítorí ẹni náà ló ń fi mọ́tò yẹn gbé ọjà.

Ohun tó di sípíńdù mú ni ètè rẹ̀ tó wọnú nọ́kùlù, pẹ̀lú gásìkẹ́ẹ̀tì àti ìpẹtà tó yí i ká. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ ètè náà ni kí ẹ lù, kì í ṣe orí. Ẹ kọ́kọ́ fi epo sí i yí ká. Ẹ gbé ọ̀pá idẹ lé ètè rẹ̀ lókè, ẹ lù ú lọ sọ́tùn-ún, ẹ lọ sísàlẹ̀, ẹ lù ú lọ sósì, kó lè máa gbìyànjú láti yí. Ìgbà tó bá ti yí ní ìwọ̀n bí ẹyọ ìrẹsì kan, ìpẹtà ti já. Ẹ ó gbọ́ ọ: ohùn ìlù náà máa ń yí padà. Tó bá há pátápátá, ẹ dá nọ́ọ̀tì 54 àtijọ́ padà sórí tíréèdì láti dáàbò bò ó, ẹ sì fi òòlù onífífà (ọ̀pá tí irin wúwo ń yọ̀ lórí rẹ̀) fà á síta.

Ẹ rántí pé búṣì bàbà kan wà nínú sípíńdù tí ṣáàfù ń yí lórí rẹ̀. Irin kankan kò gbọ́dọ̀ fà á ya.

Ṣáàfù ń jáde, ó wá dúró lójijì. Kí ló há a?

Kò há. Ẹ wo ìdí Birfield, apá kan rẹ̀ tẹ́jú, kò roboto. Ẹ yí ṣáàfù kí ibi tó tẹ́jú yẹn wà lókè, á sì kọjá láìní òòlù. Mo ti rí ẹni tó so ìdí ọkọ̀ mìíràn mọ́ ṣáàfù pẹ̀lú okùn láti fà á jáde, ohun tó sì kù ni pé kó yí i díẹ̀. Bí ẹ bá ń fà á, ẹ fi ọwọ́ gbé e, kó má fi gbogbo ara rẹ̀ wúwo lé síìlì inú ásùlù. Epo dífù díẹ̀ lè tẹ̀ lé e, ẹ gbé nǹkan sábẹ́.

Láti ya Birfield kúrò lára ṣáàfù gígùn, ẹ di ṣáàfù mọ́ fáìsì, ẹ gbé ọ̀pá idẹ lé ìràwọ̀ inú Birfield, kì í ṣe àgò rẹ̀, kí ẹ lù ú. Ríǹgì kan ló dì í mú nínú lọ́hùn-ún, á já lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣáàfù ọ̀tún àti ti òsì kò gùn dọ́gba, ẹ kọ àmì sí wọn.

Orí táì-rọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ fún sítíà) àti apá sítíà kò bọ́.

Ẹ yọ kọ́tà-pínnì, ẹ tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ sẹ́yìn ṣùgbọ́n kí ó má bọ́ tán. Òòlù méjì ni iṣẹ́ yìí fẹ́: ẹ gbé ọ̀kan tó wúwo ti ẹ̀gbẹ́ ihò náà lápá kan, ẹ fi èkejì lu òdìkejì rẹ̀. Ihò tó ṣóńṣó náà á tẹ̀ díẹ̀ kó tó padà sí ipò, ìyẹn tó láti jù ú sílẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, irin oníka méjì bíi fọ́ọ̀kì tí wọ́n ń gbá wọ abẹ́ rẹ̀ máa ń ya rọ́bà rẹ̀, mi ò lò ó àfi bí mo bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Apá sítíà tó wà lórí nọ́kùlù ní kóńù tirẹ̀, ẹ tú u bí ti fíláǹjì. Bí ẹ bá ń tú bíárìn nọ́kùlù, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ ìdérí rẹ̀ ń díwọ̀n bí bíárìn ṣe fún tó. Ti òkè kò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀.

Ẹ sọ òtítọ́ fún mi nípa iná. Gbogbo èèyàn ní ká kàn fi gáàsì jó o.

Iná ń ṣiṣẹ́, mi ò ní parọ́. Irin máa ń fẹ̀ bó bá gbóná. Ihò tó fẹ̀ ní mílímítà 30, bí ooru rẹ̀ bá lọ sókè ní ìwọ̀n 200 lórí Celsius, á fẹ̀ sí i ní nǹkan bí 0.07 mílímítà. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ìpẹtà tó ti di mọ́ ibẹ̀ kò lè na tẹ̀lé e, á fọ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ara ìta la ń gbóná, ìyẹn irin tí ihò wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá jó sítọ́ọ̀dù tàbí ṣáàfù tó wà nínú ihò, ẹ ti mú kó tún fún sí i.

Ìlànà mi lórí rẹ̀ kò ṣe é dúnàá-dúrà. Kò sí iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíárìn tí ẹ tún fẹ́ lò, nítorí ooru ń gba líle kúrò lára irin rẹ̀. Kò sí iná níbi tí rọ́bà bíréèkì tàbí síìlì wà láìyọ wọn. Gíríìsì ń jó. Pẹtiróòlù tí a fi ń fọ irin ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń sá lọ bí èéfín tí a ò rí, iná rẹ̀ sì lè tọ ojú ilẹ̀ lọ bá ọ̀rá tó wà ní òdìkejì. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Oògùn fífọ bíréèkì inú agolo, bí ó bá ní chlorine nínú, tó bá pàdé iná, ó lè di gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní phosgene, tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ ka ara agolo náà kí ẹ tó fi iná sún mọ́ ọn.

Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìkòkò kábáìdì tí àwọn wẹ́dà wa ń lò. Kábáìdì àti omi ló ń bí gáàsì náà, gáàsì tó sì lè bú gbàù. Bí ìkòkò náà bá ti jò tàbí tí fáàfù tó ń dá iná padà kò sí lára rẹ̀, ẹ wá wẹ́dà mìíràn. Iṣẹ́ ásùlù kò tó ohun tí èèyàn lè torí rẹ̀ sọ ojú tàbí ọwọ́ nù.

Epo wo ló dára jù? Ẹnì kan ní bíréèkì ọ́ílì, ẹlòmíràn ní WD-40.

WD-40 dára, ṣùgbọ́n omi ni wọ́n ṣe é láti lé kúrò lára irin ní 1953, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Kì í ṣe òun ló lágbára jù lórí ìpẹtà tó ti pẹ́. Epo tí wọ́n dìídì ṣe fún irin tó há sàn jù. Tí kò bá sí, epo gíà ọ́tò àti acetone ní ìdajì-ìdajì jẹ́ àpòpọ̀ tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì fọkàn tán, ẹ mì í pọ̀ ní gbogbo ìgbà kí ẹ tó lò ó, kí iná má sì sún mọ́ ọn. Kẹrosíìnì náà ń ràn wá lọ́wọ́ bí ẹ bá fún un ní òru kan. Bíréèkì ọ́ílì ń bọ́ ọ̀dà mọ́tò, mi ò gbà á.

Sítọ́ọ̀dù kán sínú họ́ọ̀bù.

Bí ó bá yọ díẹ̀ síta, tí tíréèdì rẹ̀ ṣì kù, ẹ wé nọ́ọ̀tì méjì sí i, ẹ fún wọn mọ́ ara wọn, ẹ wá fi sípánà tú èyí tó wà lẹ́yìn. Bí ó bá kán ní ojú irin, ẹ ní kí wẹ́dà tó mọṣẹ́ jó nọ́ọ̀tì kan mọ́ orí rẹ̀; ooru jíjó náà fúnra rẹ̀ ń tú ìpẹtà. Àwọn tó bá dá ihò sí i tí dírílì sì yẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ti ba tíréèdì họ́ọ̀bù jẹ́.

Hilux ìgbà tuntun ni mo ní, kò ní orí roboto yẹn. Kí ni ti wa?

Ti yín ní ṣáàfù pẹ̀lú rọ́bà méjì, họ́ọ̀bù rẹ̀ jẹ́ odidi kan tí bóòtù mẹ́rin dì mú láti ẹ̀yìn nọ́kùlù. Ohun tó ń há níbẹ̀ ni eyín ṣáàfù nínú họ́ọ̀bù, àti họ́ọ̀bù náà nínú ihò rẹ̀. Ẹ má lu orí ṣáàfù pẹ̀lú òòlù lásán: ẹ dá nọ́ọ̀tì rẹ̀ padà dé ojú dọ́gba, kí ẹ lo púlà láti tì í sẹ́yìn. Fún họ́ọ̀bù tó há, ẹ tú àwọn bóòtù ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀ láìyọ wọn tán, ẹ máa lu orí wọn ní ìkọ̀ọ̀kan, họ́ọ̀bù á máa rìn síta. Wáyà ABS (bíréèkì tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ há) ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, ẹnu rẹ̀ máa ń ṣẹ́ nígbà tó bá dógùn-ún, iye rẹ̀ sì ń dùn wá.

Kí ni mo lè ṣe kó má bàa há mọ́ nígbà mìíràn?

Bí ẹ bá ń tò ó padà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà fọ gbogbo ìpẹtà inú ihò kóńù àti ètè sípíńdù. Ẹ fi gíríìsì fẹ́ẹ́rẹ́ kan ara kóńù, ìwọ̀nba tí ìka máa fi kù sára rẹ̀. Gásìkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí ẹ lò, ẹ fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀. Nọ́ọ̀tì fíláǹjì 80 kò fẹ́ agbára: 35 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì) ni, ẹni tó bá fi gbogbo ara fún un ń gbá èèkàn rẹ̀ wọlẹ̀ fún ẹni tó máa tú u lọ́la. Nọ́ọ̀tì 54 ti ìta jẹ́ 64 Nm. Gíríìsì tó ní molybdenum ni kí ẹ kún Birfield, èyí tó mọ bíárìn ni kí ẹ fi sí bíárìn.

Omi ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Bí ẹ bá ti wa mọ́tò títí tí họ́ọ̀bù fi gbóná, tí ẹ wá kó sínú odò tàbí ìkún omi òjò oṣù Agẹmọ, afẹ́fẹ́ inú họ́ọ̀bù á tutù lójijì, á sì fún pọ̀, á wá máa fa omi wọlé gba ẹnu síìlì. Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ sí dífù bí ìmí rẹ̀, páìpù kékeré tó ń jẹ́ kó mí, bá ti dí. Bí àyè bá wà, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹsẹ̀ tutù kí ẹ tó wọ odò. Lẹ́yìn odò tó dé àárín táyà, ẹ ṣí fíláǹjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ wo gíríìsì inú rẹ̀. Tó bá ti funfun bí wàrà, omi ti wọlé, ẹ tú u nígbà tí ó ṣì rọrùn láti tú.